Afẹ́fẹ́ Epo: Ọ̀rọ̀ Kan Tí Òfin Ilé Epo Ṣaláìní

Ẹni tí ó bá lọ ra epo bẹntiróò ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndò yóò bá òfin lára òpó tàbí ògiri: pa ẹ́ńjìnì, má mu sìgá, má lo tẹlifóònù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà fi ń kọ ọ́. Ẹni tí ń ta epo ni ó ń túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ‘Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ pa ọkọ̀ yín’; ‘Mà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.’ Òfin náà dé etí oníbàárà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kì í bá a dé, nítorí pé ohun tí òfin ń ṣọ́ra fún kò tíì ní orúkọ kan pàtó lẹ́nu wa.

Epo tí ń ṣàn gan-an kọ́ ni ó ń jó. Ohun tí ń gbéra kúrò lójú epo, tí ó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tí a ń mí, ni iná ń mú. Kì í dúró de ìgbóná: bí òtútù tilẹ̀ súnmọ́ ìwọ̀n 40 Celsius sísàlẹ̀ òdo, bẹntiróò ṣì ń tú u jáde tó èyí tí iná lè ràn. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Nítorí náà ilẹ̀ ni ó ń fà mọ́, ó ń wọ gọ́tà, ó sì lè rìn dé ìdí iná tí ẹnikẹ́ni kò fiyè sí. Kò ní láti tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kí ó tó lè gbiná.

Kí ni kí a pè é? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé ‘òórùn epo’. Èyí kò tó, nítorí pé iṣẹ́ imú ni òórùn, a sì máa mọ́ imú lára. Ẹni tí ó ti wà nídìí páǹpù láti òwúrọ̀ lè má gbọ́ ọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ohun náà ṣì wà níbẹ̀. ‘Ooru’, tí a ń lò fún ohun tí ń jáde lójú omi híhó, ni olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè yàn. Ṣùgbọ́n ooru kan náà ni ìgbóná, ẹni tí ó bá sì fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì tí ó tutù yóò rò pé kò séwu. A gbé ‘ìmí epo’ yẹ̀ wò. Ó dùn létí, àfi pé akọ-pátákó kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. A kò sì fẹ́ kí oníbàárà máa wá ìgbẹ́ kiri ilé epo.

Àbá tiwa ni ‘afẹ́fẹ́ epo’. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè dún bí ohun fífúyẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ ti ń ra afẹ́fẹ́ ìdáná, tí òun náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, wọ́n sì mọ ohun tí ó lè ṣe: ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá 2020, ibi tí a ti ń tà á ní Bárúwà bú gbàmù, ó sì gba ẹ̀mí ènìyàn.

Epo bẹntiróò ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ní agbègbè yìí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 2006, iná páìpù epo ní Abúlé Ẹ̀gbá pa ju igba ènìyàn lọ níbi tí wọ́n ti ń bu epo. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 2008, katakata bẹ́ páìpù ní Ìjẹ̀gùn, iná sì ran ilé àti ilé ẹ̀kọ́. A kò wí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìbá gbà wọ́n. Ìṣẹ́ ní ipa tirẹ̀. Síbẹ̀, ‘epo ń ṣàn’ kì í ṣe ìkìlọ̀ kan náà pẹ̀lú ‘afẹ́fẹ́ epo ti bo ilẹ̀’. Ti àkọ́kọ́ lè mú ni gbé kẹ́ẹ̀gì; ti ìkejì ni ó yẹ kí ó mú ni sá.

Bí a bá ní orúkọ yìí, òfin ilé epo rọrùn láti ṣàlàyé. A ń pa ẹ́ńjìnì nítorí pé iná lè ta nínú rẹ̀, kì í ṣe nítorí ariwo. Táńkì ọ̀kadà wà láàárín itan awakọ̀, lókè ẹ́ńjìnì gbígbóná, ìdí nìyí tí èrò fi gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ni kí a gbé sílẹ̀, kí ẹnu páǹpù sì kan ẹnu rẹ̀, kí mànàmáná tí epo ń kó jọ bí ó ti ń ṣàn má baà ta pàrà. Ní ti tẹlifóònù, mànàmáná ara ẹni tí ó wọ ọkọ̀ tí ó tún jáde ni àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà rí gẹ́gẹ́ bí ewu, wọn kò rí iná kan tí tẹlifóònù dá. Òfin náà ṣì tọ́, nítorí pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kì í wo páǹpù, kì í sì í wo mítà.

Fún pátákó, a dábàá: ‘Afẹ́fẹ́ epo wà níbí, ẹ pa ẹ́ńjìnì.’ Bí akọ-pátákó bá tilẹ̀ ju gbogbo àmì ohùn rẹ̀ nù, kò sẹ́ni tí yóò kà á sí nǹkan mìíràn.