Nígbà Tí Ọlọ́pàá Kò Bá Tó: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọwọ́ Wa Kó Ẹ̀jẹ̀



Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Mile 2 lọ sí Àgbádárìgì kò ní sọ pé kò sí agbófinró ní ilẹ̀ yìí. Ọlọ́pàá wà lójú títì. Kọ́sítọ́ọ̀mù wà. Ìmígíréṣọ̀n wà. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré díẹ̀, wọ́n tún ti dá a dúró, wọn á bi awakọ̀ ní ìwé, wọn á sì yẹ ẹrù ìyá ọlọ́jà wò. Ọ̀nà tó lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni, ìdí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà sọ̀kalẹ̀ ní Aradagun, kí ó yà kúrò lójú títì, kí ó wọ àárín ilé lọ ní agogo méjì òru. Ọlọ́pàá wo ni yóò rí níbẹ̀? Ajá ni yóò gbó o. Bóyá yóò pàdé ọdẹ àdúgbò kan pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti fèrè.

Ohun tí a fẹ́ bá ara wa sọ ní oṣù yìí nìyẹn. Bí ọlọ́pàá kò bá tó, ta ni iṣẹ́ wọn ń bọ́ sí lọ́wọ́? Àwa ni. Ọmọ wa ni. Ṣé a sì ti múra bí a ó ṣe ṣe iṣẹ́ náà tí ọwọ́ wa yóò fi mọ́?

Ẹ JẸ́ KÍ A KA IYE WỌN

Àjọ kan ní ilẹ̀ Yúróòpù tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá ibi ìsádi gbé ìwé kan jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ìwé náà sọ pé ọlọ́pàá Nàìjíríà tó nǹkan bí 371,800, àwọn èèyàn tí wọ́n ní láti ṣọ́ sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 236.7. Bí a bá pín in dọ́gba, ọlọ́pàá kan yóò máa ṣọ́ èèyàn tó lé ní 630. Ẹ dúró ná. Ìwé kan náà sọ pé àwọn tó lé ní 100,000 nínú wọn ló ń tẹ̀lé àwọn olóṣèlú àti àwọn èèyàn ńláńlá kiri. Bí a bá yọ ìwọ̀nyẹn, ọlọ́pàá kan ló kù fún èèyàn bí 870. A kò tíì yọ àwọn tó wà nídìí ìwé ní ọ́fíìsì, àwọn tó ń ṣàìsàn, àtàwọn tó lọ sùn nítorí pé òru àná ni wọ́n ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá yẹn kan náà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú pàṣẹ pé kí a kó àwọn ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn àwọn èèyàn ńlá. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ó kéde pé ọ̀rọ̀ ààbò ti di pàjáwìrì ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ó sì ní kí a gba 20,000 ọlọ́pàá kún 30,000 tí òun ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá náà sọ pé òun ti kó 11,566 padà sẹ́nu iṣẹ́ ìlú. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba ọmọ iṣẹ́ rí mọ̀ pé ọjọ́ tí ọmọ wọlé kọ́ ló ń mọ iṣẹ́. A ní láti kọ́ wọn, kí a dáṣọ fún wọn, kí a fún wọn ní ibi tí wọn yóò sùn, kí a sì san owó wọn lásìkò. Owó ni gbogbo rẹ̀.

OWÓ TÍ A KÒ NÁ

Láti ọdún 1930 tí ìjọba òyìnbó ti da ọlọ́pàá ìhà gúúsù àti ti ìhà àríwá pọ̀, ọ̀gá kan ni ọlọ́pàá Nàìjíríà ní. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní apá 214, sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni kí ó wà fún gbogbo ilẹ̀ yìí. Nítorí náà, bí àgọ́ ọlọ́pàá kan ní etí òkun wa kò bá ní ọkọ̀, Àbújá ni owó ọkọ̀ náà yóò ti wá. Ọ̀nà náà jìn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí owó kò bá dé? Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2002, àwọn ọlọ́pàá kan da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Àwọn sójà ni ìjọba fi sí ojú títì. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Channels fi ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá tó wà ní Ìkẹjà han gbogbo ayé: yàrá tó ti bàjẹ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ojú kò gbọdọ̀ rí. Ààrẹ Goodluck Jonathan fúnra rẹ̀ lọ wò ó lójijì. Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn bàbá àti ìyá àgbà, dúró nínú òjò ní Àbújá láti bèèrè owó ìfẹ̀yìntì tó ṣe é jẹun.

Bàbá wo ló rán ọmọ lọ sóko láìfún un lóúnjẹ, tó wá ń bínú pé ọmọ wú iṣu oníṣu? A kò sọ pé olè ọmọ náà dára o. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá náà ní ẹjọ́ láti rò.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbìyànjú láti di àlàfo yìí. Ní ọdún 2007, nígbà Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, wọ́n fi òfin dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ètò ààbò, tí ìjọba, ilé iṣẹ́ àti olówó ń dá owó sí, tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀ àti ohun èlò fún ọlọ́pàá. Ní ọdún 2016, Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé fọwọ́ sí òfin àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa kó ìròyìn jọ kí wọ́n sì máa ran ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n alárànṣe kì í ṣe onílé.

OHUN TÍ ÀÌTÓ Ń ṢE SÍ WA

Ohun mẹ́ta ni àìtó yìí ń sọ wá dà, ẹ̀yin ará.

Èkíní, ó ń sọ ààbò di ọjà. Èyí tó bá wọ́n lọ́jà, olówó ló ń rà á. Ẹni tó ní ọtí láti tà ní gbọ̀ngàn ńlá yóò rí ọlọ́pàá mẹ́rin gbà fún ìnáwó rẹ̀. Opó tí wọ́n jí ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ gbé yóò gbọ́ pé kò sí epo nínú ọkọ̀, kí ó wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀ka ìwé tí yóò fi kọ ẹjọ́ rẹ̀, òun ni yóò rà á. Ara ògiri àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ta ni kò mọ ohun tí à ń san?

Èkejì, ó ń pa wá lẹ́nu mọ́. Wọ́n jà wá lólè, a kò sọ. Wọ́n bá ọmọbìnrin ẹnìkan jẹ́, a ní kí a bò ó mọ́lẹ̀. Èèyàn á ní, "Bí mo bá lọ, kí ni wọn yóò ṣe?" Báyìí ni ọ̀daràn ṣe ń mọ̀ pé ilé wa kò ní ìlẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹta ló burú jù, ó ń sọ wá di apànìyàn.

Ẹ rántí Ìkòròdú. Ní ọdún 2016 àti 2017, àwọn tí à ń pè ní Badoo ń wọ ilé onílé lóru, wọ́n ń fi òkúta fọ́ orí bàbá, ìyá àti ọmọ lójú oorun. Ọlọ́pàá kò tó láti ṣọ́ gbogbo ilé kéékèèké tó wà káàkiri etí igbó. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ òru fúnra wọn. Títí dé ibẹ̀, kò sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 2017, àwọn èrò mú aláwàdà kan àti àwọn tó bá a rìn, wọ́n ní Badoo ni wọ́n, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ẹ̀yìn náà ni gbogbo ayé gbọ́ pé wọn kò mọ nǹkan kan. Ta ni yóò kó eérú padà di èèyàn?

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin òbí. Àwọn tó mú táyà wá, àwọn tó bu epo wá, àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n jó o, wọn kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Wọ́n ní ìyá. Àwọn kan nínú irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń lọ sí ilé ìjọsìn ní ọjọ́ Ìsinmi. Bí wọ́n bá mú olè ní Aradagun ní òru òní, níbo ni ọmọ tìrẹ yóò dúró sí?

KÌ Í ṢE ILẸ̀ WA NÌKAN

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn ọdún 2010, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gé owó ọlọ́pàá kù. Láàárín ọdún mélòó kan, ọlọ́pàá England àti Wales dín ní nǹkan bí 20,000, wọ́n sì ti ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá pa. Nígbà tí ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn ọ̀dọ́, àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n sin. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn títí di òní lórí bí gígé owó náà ṣe fa ti ọ̀bẹ tó. Ohun tó dájú ni pé ní ọdún 2019 ìjọba yí padà, ó ní òun yóò gba 20,000, ó sì gbà wọ́n tán ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó mọ àdúgbò ti lọ, ọmọdé ló kún ipò wọn. Iṣu tí a jẹ tán lóòjọ́, ọdún kan gbáko la fi ń gbin òmíràn.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Àwọn baba wa kò fi ìlú sílẹ̀ láìní aṣọ́nà. Àwọn àgbà kan ṣì rántí akódà, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ayé àtijọ́, tí ìjọba ológun fà wọ inú ọlọ́pàá àpapọ̀ lẹ́yìn ọdún 1966, nítorí pé àwọn olóṣèlú ti ń lò wọ́n láti fìyà jẹ ọ̀tá. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń bèèrè fún ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ rántí ìyẹn náà. Àwọn ará wa Ègùn ní Àgbádárìgì ní Sàǹgbétò, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ kò jìnnà sí aṣọ́ òru. Àwa onígbàgbọ́ kò lè tẹ̀lé wọn dé ibi awo. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn di àwáwí tí a óò fi sùn nígbà tí aládùúgbò ń ṣọ́ wa. Nehemáyà gbàdúrà, ó sì tún yan aṣọ́nà. Ìdílé-ìdílé ló tò wọ́n sí ẹ̀yìn odi.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí:

1. San owó ọdẹ tí ẹgbẹ́ onílé bá dá, kí o sì lọ sí ìpàdé. Ẹni tí kò dá owó kò lẹ́nu láti sọ bí wọn yóò ṣe ṣọ́ ilé. Bí wọ́n bá ní kí o búra tàbí kí o gbé oògùn, sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé o kò lè ṣe é, ṣùgbọ́n pé o lè gba òru tìrẹ, tọ́ọ̀ṣì rẹ sì wà lọ́wọ́.

2. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò ní lu ẹni tí a bá mú, a kò sì ní dáná sun ún. Òfin gba ará ìlú láàyè láti mú ẹni tó ń hùwà ọ̀daràn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìjáfara.

3. Kọ́ gbogbo ọmọ ilé ní nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó, 112 àti 767. A kì í san owó fún un.

4. Bí wọ́n bá jà ọ́ lólè, lọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní àgọ́, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta láti inú ìjọ bá ọ lọ. Wọ́n á fi owú gba opó tó bá nìkan lọ. Bí ó bá kó àgbà ìjọ mẹ́ta lẹ́yìn, wọ́n á gbọ́ ọ.

5. Ọlọ́pàá wà nínú ìjọ wa. Ẹ mọ ilé wọn. Ẹ bèèrè bí owó ilé ìwé ọmọ wọn ṣe ń lọ. Ẹni tí ìjọ rántí lójú ebi yóò rántí ìjọ nígbà tí wọ́n bá na àbẹ̀tẹ́lẹ̀ sí i.

6. Nígbà tí àwọn olóṣèlú bá wá bèèrè ìbò, ẹ má bèèrè ìrẹsì. Ẹ bi wọ́n pé ọlọ́pàá mélòó ló ń tẹ̀lé wọn, ta ló sì ń ṣọ́ Aradagun ní òru ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ pe àwọn ọmọ yín jókòó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Sọ fún ọmọkùnrin rẹ kí òru ọ̀hún tó dé, nítorí nígbà tí èrò bá ti ń pariwo, kò ní gbọ́ ohùn rẹ mọ́. Sọ fún un pé bí wọ́n bá mú ẹnikẹ́ni, kí ó má gbé òkúta. Kí ó pe àgbà, kí ó pe ọlọ́pàá, kí ó sì dúró ti ẹni náà títí wọn yóò fi dé, ìbáà jẹ́ olè. Ọmọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣọ́ àdúgbò.

Kí Olúwa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé yín. Ilẹ̀ yóò mọ́ wa láyọ̀.