Ẹ̀rọ Ìṣirò Tí Ó Di Olùkọ́

Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wa rò pé orúkọ ẹ̀rọ ni kọ̀ǹpútà jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ènìyàn ni ó jẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó di orúkọ ẹ̀rọ. Ẹni tí iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣe ìṣirò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó jókòó ti tábìlì láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ó ń ro nọ́ńbà pọ̀, tí ó ń yọ òmíràn kúrò, tí ó sì ń kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn awakọ̀ òkun, àwọn awòràwọ̀ àti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lè rí èyí tí wọn yóò lò. Púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ obìnrin. Iṣẹ́ náà kò wúwo bí iṣẹ́ oko, ṣùgbọ́n a máa mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì, àṣìṣe kan ṣoṣo sì tó láti ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́.

Ilé kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísinsìnyí tí a kó àwọn ẹ̀rọ tí ó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ènìyàn jọ sí. The National Museum of Computing ni orúkọ rẹ̀. Ní Bletchley ni ó wà, ìlú kan tí ó tó nǹkan bí máìlì 50 sí London, láti 2007 ni ó sì ti ń gba àlejò. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín, nítorí pé ìtàn rẹ̀ kan àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ju ti àwọn yòókù lọ.

Àlejò tí ó bá wọ ibẹ̀ kò lè ṣàì dúró níwájú Colossus. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀gá ológun Jámánì a máa fi ẹ̀rọ sọ ọ̀rọ̀ wọn di àrokò kí wọn tó fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Tommy Flowers, onímọ̀ ẹ̀rọ tẹlifóònù, ni ó ṣe aṣáájú àwọn tí ó ṣe Colossus láti fi ran àwọn tí ń tú àrokò náà lọ́wọ́. Èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bletchley ní 1944. Nígbà tí ogun fi parí, wọ́n ti di mẹ́wàá. A máa ka àmì 5,000 lára ọ̀já bébà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn ogun ni a tú púpọ̀ nínú wọn palẹ̀, a sì pa ọ̀rọ̀ wọn mọ́ ní àṣírí fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Èyí tí àlejò ń rí lónìí, Tony Sale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tún un kọ́ láti 1993 títí di 2007. Ẹ̀rọ ńlá ni, ìtàn rẹ̀ sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dúró tì í, kí ni yóò rí? Yóò rí ọ̀já bébà tí ń sáré lórí àwọn àgbá kékeré, àti ìgò iná tí ó lé ní 2,000 tí ń tàn. Ohun tí ìgò kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ojú kò lè bá a.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ tí ó yára sílẹ̀, kí a lọ sọ́dọ̀ èyí tí ó lọ́ra.

Harwell Dekatron ni orúkọ àkọ́sọ rẹ̀. Harwell ni ibi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ibùdó ìwádìí nípa agbára átọ́ọ̀mù sílẹ̀ sí lẹ́yìn ogun. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ ìwé dáadáa ni wọ́n ń ṣe ìṣirò ibẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì ṣe é, ọjọ́ gorí ọjọ́. Ted Cooke-Yarborough, Dick Barnes àti Gurney Thomas gbèrò láti ṣe ẹ̀rọ tí yóò gba wàhálà yìí lọ́wọ́ wọn. Ní 1949 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ní 1951 ni ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́. Gíga rẹ̀ tó mítà 2, fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 6, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀. Ìgò tí ó fi ń ka nọ́ńbà jẹ́ 828, àwọn ìgò wọ̀nyí ni a sì ń pè ní Dekatron.

N óò ṣàlàyé bí ìgò yìí ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹwà ẹ̀rọ náà wà. Ìgò kékeré ni, èyí tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà. Ojú mẹ́wàá wà nínú rẹ̀ tí a tò yí ká bí ojú agogo, láti 0 dé 9. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni í máa tàn, iná rẹ̀ sì pọ́n bí ẹyín iná. Bí agbára mànàmáná bá tì í lẹ́ẹ̀kan, ìmọ́lẹ̀ náà yóò sún sí ojú kejì. Bí ó bá tún tì í, yóò tún sún. Kò sí ohun mìíràn tí ìgò náà mọ̀ ọ́n ṣe.

Ká sọ pé ìmọ́lẹ̀ wà lórí 7, a sì fẹ́ ro 5 mọ́ ọn. A ó tì í lẹ́ẹ̀marùn-ún: 8, 9, 0, 1, 2. Nítorí pé ó ti 9 kọjá sórí 0, ìgò tí ń ka ẹyọ yóò fi ìtì kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ìgò kejì rẹ̀ tí ń ka mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìgò àkọ́kọ́ dúró lórí 2, èkejì dúró lórí 1, ó sì di 12. Kí ni èyí bí kò ṣe ohun tí a ń tẹnu mọ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké lójoojúmọ́, pé kí wọn kọ 2 sílẹ̀, kí wọn sì gbé 1 lọ? Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń gbé 1 náà lọ láìmọ ibi tí ó ti wá, wọ́n ń gbé e nítorí pé olùkọ́ ní kí wọn gbé e. Níwájú ẹ̀rọ yìí, ọmọ yóò rí i pé ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ gbígbé. Àyíká ni ó pé.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ó jọ mí lójú gidigidi. Bí ẹ̀rọ náà bá fẹ́ fi nọ́ńbà tí ó wà nínú ìgò kan ránṣẹ́ sí ibòmíràn, kò ní ojú tí yóò fi wò ó. Ohun tí ó ń ṣe ni pé yóò ti ìgò náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ 7 ni ó wà níbẹ̀, ìtì mẹ́ta ni yóò gbé e dé orí 0; ìtì méje tí ó kù ni a ó kà sí ibi tí a ń fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí. Nígbà tí ìtì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá pé, ìgò ti yí ká tán, ó sì ti padà sórí 7 rẹ̀. Ó fún ẹlòmíràn ní ohun tí ó ní, ohun náà kò sì tán lọ́wọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti ara fìtílà rẹ̀ tan ti aládùúgbò.

Bí a bá fi ìwọ̀n òde òní wò ó, ìlọ́ra rẹ̀ pọ̀ jọjọ. Ìsọdipúpọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ju ìròpọ̀ léraléra lọ, pínpín sì jẹ́ ìyọkúrò léraléra. Láti sọ nọ́ńbà onídìí mẹ́jọ kan di púpọ̀ nípa òmíràn, a máa gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10. Àṣẹ tí ó ń tẹ̀ lé wà lára ọ̀já bébà tí a dá ihò sí. Bí iṣẹ́ kan bá sì wà tí a fẹ́ kí ó máa tún ṣe, a ó lẹ orí ọ̀já náà mọ́ ìdí rẹ̀ kí ó lè máa yí po. Ní ọjọ́ kan, Bart Fossey, tí ọwọ́ rẹ̀ yá púpọ̀ nídìí ẹ̀rọ orí tábìlì, jókòó tì í láti bá a díje. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n ń lọ ní ọgbọọgba. Lẹ́yìn èyí ni ó rẹ Fossey, ó sì jáwọ́. Ẹ̀rọ kò jáwọ́.

Ibi tí agbára rẹ̀ wà nìyẹn. Ìgò tí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà ń lò a máa gbóná bí iná àtùpà, nígbà tí ó bá sì pẹ́, a máa jó. Dekatron kò nílò ooru láti ṣiṣẹ́, nítorí náà ó pẹ́ láyé. A lè fi ẹ̀rọ Harwell sílẹ̀ nìkan, kí gbogbo ènìyàn lọ sùn. Ní àkókò ọdún Kérésìmesì kan, wọ́n fi ọ̀já bébà rẹpẹtẹ sí i lẹ́nu, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọn yóò fi padà dé lẹ́yìn ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá, ó ṣì ń ka nọ́ńbà rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ó di 1957, Harwell kò nílò rẹ̀ mọ́, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó yára jù ú lọ ti dé. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Oxford wá ṣe ìdíje kan tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Wọn kò tà á, wọn kò sì fọ́ ọ. Wọ́n ní kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ ẹ kọ̀wé sọ ohun tí yóò fi í ṣe, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì dára jù ni yóò mú un lọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti Wolverhampton àti Staffordshire ni ó borí. Ibẹ̀ ni ó ti gba orúkọ kejì, WITCH, tí a fi lẹ́tà àkọ́kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan ṣe: ohun èlò Wolverhampton láti fi kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, tí ó ti Harwell wá. Ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé àjẹ́ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe, kò sì yẹ kí a bá wọn jà sí i.

Títí di 1973 ni ó fi ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ kíyè sí i: ọdún mẹ́fà ni ó fi ṣiṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó sì fi kọ́ ọmọ ènìyàn. Ẹnìkan lè bi mí pé, èrè wo ni ó wà nínú fífi ẹ̀rọ tí ó ti di ti àná kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ọ̀la? Ìbéèrè náà tọ́, n kò sì ní sọ pé ẹ̀rọ tí ó lọ́ra ni kí a máa fi ṣe iṣẹ́ ilé-ìfowópamọ́. Ṣùgbọ́n yíyára àti kíkọ́ni kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Fóònù tí ó wà lápò wa ń ṣe ìṣirò púpọ̀púpọ̀ kí a tó ṣẹ́jú, inú ẹ̀kán kan tí kò tóbi ju èékánná lọ ni ó sì ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ọmọ yóò tẹ̀ ẹ́, èsì yóò jáde. Bí ọmọ náà bá bi wá bí èsì ti ṣe wá, a kò ní ohun tí a lè na ìka sí. Níwájú WITCH, ìka ní ibi tí yóò nà sí.

Mo ń dábàá ohun kan fún àwa tí a kò lè dé Bletchley. Ẹ fi ẹfun ya òbírí mẹ́ta sí àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ sì kọ 0 dé 9 yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Kí ọmọ kan dúró lórí 0 nínú òbírí kọ̀ọ̀kan: àkọ́kọ́ fún ẹyọ, èkejì fún mẹ́wàá, ẹ̀kẹta fún ọgọ́rùn-ún. Bí olùkọ́ bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ ẹyọ gbé ẹsẹ̀ kan. Ìgbàkúùgbà tí ó bá sì ti 9 kọjá sí 0, kí ó fọwọ́ tọ́ ọmọ mẹ́wàá, kí òun náà sún lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí wọn kọ́kọ́ dúró lórí 97, kí olùkọ́ wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ní ìpàtẹ́wọ́ kẹta, ọmọ ẹyọ yóò tọ́ ọmọ mẹ́wàá, ọmọ mẹ́wàá yóò tọ́ ọmọ ọgọ́rùn-ún, àwọn ọmọ tí ń wòran yóò sì rí ohun tí dígí àti iná fi ń ṣe ìṣirò ní Harwell. Ẹfun nìkan ni yóò ná wa. Kí ẹ jẹ́ kí àwọn tí iṣẹ́ ìṣirò ń dẹ́rù bà ni wọn dúró nínú òbírí náà, kì í ṣe àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ní 1973, a gbé WITCH lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Birmingham. Nígbà tí a ti ilé náà pa ní 1997, a tú u sí wẹ́wẹ́, a sì kó o sínú ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí ó wà láìsí ẹni tí ń béèrè rẹ̀. Àwòrán ni ó yọ ọ́. Ẹnìkan tí ó mọ̀ ọ́n rí i ní 2008 nínú fọ́tò àwọn ẹrù tí a tò jọ níbẹ̀. Ojú pákó tí a fi ń darí rẹ̀ ni ó fi dá a mọ̀. Ní 2009, wọ́n gbé e wá sí Bletchley, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni sì fi ọdún mẹ́ta tò ó padà, tí wọ́n ń nu ìgò, tí wọ́n ń tún okùn iná dì.

Ní ọjọ́ 20 oṣù November, 2012, a tún tan án níwájú àwọn ènìyàn. Cooke-Yarborough àti Barnes, tí wọ́n wà nínú àwọn tí ó gbèrò rẹ̀ ní 1949, wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi kọ́ ẹ̀kọ́ ní Wolverhampton wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bart Fossey náà wá, ó ti dàgbà, ó sì wà nínú àwọn tí ó tún rí ìmọ́lẹ̀ pupa náà bí ó ti ń sún láti ojú kan sí èkejì.