Kókó Ẹ̀yìn Etí: Egungun Ni Tàbí Àìsàn?



Ìyá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méje, wá sí dìsípẹ́ńsárì wa. Ó ní kókó líle kan wà lẹ́yìn etí ọmọ náà, òun sì ti ń fi òrí ra á fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí kejì. Kókó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo ní, “Ìyá, ẹ fọwọ́ kan tiyín náà.” Ó bá tirẹ̀ níbẹ̀! Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Egungun ni, kì í ṣe àìsàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé egungun kàn rí gbọọrọ tí ó sì ń dán bí ọ̀pá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Egungun tó wà lára àgbàlagbà jẹ́ 206, ìrísí wọn kò sì dọ́gba. Ti itan àti ti apá gùn. Ti ọrùn ọwọ́ kúrú, mẹ́jọ ni wọ́n nínú ọwọ́ kan. Ti agbárí àti ti ẹ̀yìn èjìká rí pẹlẹbẹ. Ti ọ̀pá ẹ̀yìn ní ṣóńṣó; òun lẹ máa ń rí bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ tí ẹ ń wẹ ẹ̀yìn fún un.

Kókó, ihò àti kòtò tó wà lára egungun, olúkúlùkù ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Orí egungun itan rí roboto, ó wọ inú kòtò ìbàdí bí ọmọ odó ti ń wọ inú odó. Kókó ẹ̀yìn etí ni iṣan ńlá tí a fi ń yí ọrùn so mọ́. Bí ẹ bá sì ti fi ìgúnpá gbá ilẹ̀kùn rí, tí ó ta yín jìnnìn dé ìka tó kéré jù, kì í ṣe egungun ló dùn yín. Iṣan ìmọ̀lára kan ló gba inú kòtò kékeré tó wà níbẹ̀ kọjá, díẹ̀ sì ni ohun tó bò ó.

Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀dá? Ẹ fi ọ̀tún wé òsì. Kókósẹ̀ ti ìta, fún àpẹẹrẹ, rẹlẹ̀ ju ti inú lọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló rí bẹ́ẹ̀, kò yẹ̀. Bí ọ̀tún àti òsì bá dọ́gba, tí kò dunni, tí kò gbóná, tí kò sì tóbi sí i, ẹ fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí èyí sùn lọ o. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá. Etí ọ̀tún rẹ̀ ti ń ṣọyún fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yìn etí náà wú, ó gbóná, etí sì ti ta síwájú. Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń jó o nílé. Bẹ́ẹ̀ ni inú egungun yẹn ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, ihò wọ̀nyí sì já sí inú etí. Ọyún lè wọ ibẹ̀, ó sì lè ti ibẹ̀ dé ọpọlọ. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún ọmọ náà ní ilé ìwòsàn ńlá kí ó tó yè. Ì bá ṣe pé wọ́n tètè gbé e wá, ó ṣeé ṣe kí oògùn nìkan tó.

Nítorí náà, etí tó bá ń ṣọyún, ẹ má ṣe da epo sí i. Ẹ gbé ọmọ lọ fún ìtọ́jú. Bí ẹ̀yìn etí bá wú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú bá yín nílé. Bí ọmọ bá ṣubú tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò sì rí bí èkejì mọ́, ẹ má ṣe fà á, ẹ má ṣe wọ́ ọ. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ àti aṣọ dì í jẹ́jẹ́ kí ó má baà mì, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Nígbà tí ẹ bá ń wẹ ọmọ lálẹ́ òní, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó mọ bí ara ọmọ rẹ̀ ti rí nígbà àlàáfíà ni yóò tètè mọ̀ bí nǹkan bá yí padà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.