Wọ́n Ta Ṣọ́ọ̀bù: Ta Ló Ni Ìyùn Tó Wà Nínú Rẹ̀?

Ní Rye Lane, ní Peckham ní London, kì í ṣe nǹkan tuntun kí èèyàn bá pátákó mìíràn lókè ṣọ́ọ̀bù tó ti mọ̀ tipẹ́. Ẹni tó ń ta léèsì níbẹ̀ ti kó lọ, ẹlòmíràn ti gba kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ ló jẹ́ ti oníṣọ́ọ̀bù. Òmíràn jẹ́ ti àwọn ará àdúgbò: ìyùn tí ìyá àgbà fi sílẹ̀, sányán tí wọ́n hun kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, àwo orin Haruna Ishola tó ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Wọ́n ní kí oníṣọ́ọ̀bù bá wọn tà á, kó yọ tirẹ̀ nínú owó náà, kó sì fún wọn ní èyí tó kù. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í kọ ìwé kankan. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tà á" ni gbogbo àdéhùn.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ta ṣọ́ọ̀bù náà ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó rà á á ní òun ti san owó ohun gbogbo tó bá níbẹ̀. Ẹni tó gbé ìyùn wá á ní òun kò ta nǹkan fún un rí.

Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó gbé ìyùn wá ló sábà máa ń jàre. Abala 21 nínú òfin ọjà títà ti ọdún 1979 sọ pé ẹni tó ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe olóhun, tí olóhun kò sì fún onítọ̀hún láṣẹ láti tà á, kò rà ju ohun tí ẹni tó tà á fún un ní lọ. Bí ìyùn kò bá jẹ́ ti oníṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, kò lè di ti ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀ kìkì nítorí pé ó bá a nínú gíláàsì.

Òfin yìí kò fìgbà gbogbo rí báyìí. Ọjà Bermondsey, tó wà ní Southwark kan náà pẹ̀lú Peckham, ni wọ́n ti ń ta ohun àtijọ́ láti ìdájí ọjọ́ Ẹtì. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹni tó bá ra nǹkan ní gbangba irú ọjà bẹ́ẹ̀, láàárín ìgbà tí oòrùn yọ sí ìgbà tó wọ̀, tí kò sì mọ̀ pé wọ́n jí i, ti di ẹni tó ni ín. Ní 1973, ẹjọ́ ọ̀pá àbẹ́là méjì tí wọ́n jí, tí wọ́n sì tà ní ọjà ìdájí Southwark, dé iwájú Lord Denning àti àwọn adájọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n ní oòrùn kò tíì yọ nígbà tí wọ́n tà á, nítorí náà ẹni tí wọ́n jà lólè ló ni ín. Àfi kí á dúpẹ́ pé wọ́n fagi lé òfin ọjà gbangba yìí. Láti ọjọ́ 3, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1995, oòrùn kò lè sọ ẹrù olè di ẹrù olówó mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ohun rẹ̀ fún alágbàtà. Ẹjọ́ mẹ́ta lórí ohun ọ̀ṣọ́ ló là á fún wa. Nínú ẹjọ́ Kirkham àti Attenborough, ti 1897, oníṣòwò kan gbé ohun ọ̀ṣọ́ fún ẹnì kan pé kó tà á tàbí kó dá a padà. Onítọ̀hún lọ fi í dógò. Kóòtù ní bó ṣe fi í dógò yẹn, ó ti hu ìwà ẹni tó rà á, ohun ọ̀ṣọ́ ti di tirẹ̀. Kí oníṣòwò lọ gba gbèsè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1906, nínú ẹjọ́ Weiner àti Gill, Weiner ti kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ló ni ohun ọ̀ṣọ́ náà títí wọn yóò fi san owó rẹ̀. Wọ́n tún fi í dógò, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, olóhun ló gba ohun rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Weiner àti Harris, ti 1910. Níbẹ̀, ẹni tó gba ohun ọ̀ṣọ́ ń bá olóhun tà á, wọ́n sì jọ ń pín èrè. Kóòtù ní alágbàtà ni, àti pé òfin alágbàtà ti 1889 ń dáàbò bo ẹni tó bá irú onítọ̀hún dòwò pọ̀ láìmọ nǹkan kan. Ayánilówó tó gba ohun ọ̀ṣọ́ náà ní ìdógò ló jàre.

Ẹ̀kẹta yẹn ló kàn wá jù, nítorí òun ni "ẹ bá mi tà á" ti Rye Lane fara jọ. Bí oníbàárà bá wọlé, tó ra ìyùn náà láìmọ nǹkan kan, ó ti rà á lọ nìyẹn. Owó yín ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù, ẹ má wá oníbàárà lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra odindi ṣọ́ọ̀bù kò sí nípò oníbàárà yẹn. Kárà-kátà ojoojúmọ́ alágbàtà ni òfin 1889 ń dáàbò bò. Kí èèyàn kó gbogbo ọjà àti kọ́kọ́rọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kó sì bá tirẹ̀ lọ, kì í ṣe kárà-kátà ojoojúmọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni agbára olóhun wà. Bí oníṣọ́ọ̀bù tuntun bá sì ta ìyùn náà, àìmọ̀ rẹ̀ kò gbà á sílẹ̀: ọdún mẹ́fà ni olóhun ní láti pè é lẹ́jọ́.

Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù, tó sì jẹ́ ìpín inú rẹ̀ ni wọ́n tà, àdéhùn yín pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ náà kò yẹ̀. Bó bá jẹ́ gbèsè owó ilé ló lé oníṣọ́ọ̀bù lọ, ẹ má bẹ̀rù: láti oṣù kẹrin 2014, ẹrù ayálégbé fúnra rẹ̀ nìkan ni àwọn tó ń bá onílé gba gbèsè lè kó.

Owó ni kí ẹ bẹ̀rù. Ìyùn tó ṣì wà níbẹ̀ tiyín ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tà á, tí owó rẹ̀ sì ti dà pọ̀ mọ́ owó ṣọ́ọ̀bù tó wọ gbèsè, ẹ ti di ọ̀kan lára àwọn tó ń tò fún ìwọ̀nba tó bá kù. Ojú àwọn olówó pàápàá ti rí i. Nígbà tí Salander-O'Reilly, ilé ìtajà iṣẹ́ ọnà ní New York, wó lulẹ̀ ní 2007, àwọn àwòrán tí bàbá òṣèré Robert De Niro yà wà lára ohun tí wọ́n ti gbé síbẹ̀ fún títà. Wọ́n rán ẹni tó ni ilé náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ní 2010. Ní 2012, ìpínlẹ̀ New York mú òfin rẹ̀ le sí i, pé iṣẹ́ ọnà tí ayàwòrán tàbí ajogún rẹ̀ gbé fún alágbàtà, àti owó rẹ̀, jẹ́ ohun àfipamọ́ tí olówó gbèsè kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Irú òfin bẹ́ẹ̀ yẹ kó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kọ orúkọ gbogbo ẹni tó gbé ọjà síbẹ̀ fún yín. Ẹ má da ohun tí ẹ kò mọ olóhun rẹ̀ sí ààtàn. Òfin ọdún 1977 lórí ẹrù tó wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe olóhun fẹ́ kí ẹ kọ̀wé sí olóhun kí ẹ tó tà á, bó bá sì jẹ́ pé ó jẹ yín lówó, ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní ó kéré tán oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí ọjà yín wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn lónìí, ẹ má jẹ́ kí ojú àánú tàbí ìbátan dí yín lọ́wọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ fẹ́ àti ìdá tó jẹ́ ti oníṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ ọ́ pé tiyín ni títí owó yóò fi wọlé, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà kan. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ lọ kó o kí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bó bá di ẹjọ́, Citizens Advice á gbà yín nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, kóòtù ẹjọ́ kékeré sì ń gbọ́ ẹjọ́ tí owó rẹ̀ kò bá ju £10,000 lọ.