Ọ̀dà ọkọ̀ ìṣòwò: Bí ẹ ṣe lè mú un dán nílé, kó má sì tètè ṣá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí aṣọ tí èèyàn wọ̀ nìkan, ó kan ọkọ̀ tó ń gbé iṣẹ́ kiri pẹ̀lú. Alásè tó ń gbé oúnjẹ lọ sóde ìnáwó, ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò, ẹni tó ń kó búrẹ́dì kiri ìsọ̀, ọkọ̀ wọn ni oníbàárà kọ́kọ́ ń rí kó tó rí ọjà wọn. Bí ọ̀dà ọkọ̀ bá ti ṣá, tí òrùlé rẹ̀ funfun bí ohun tí wọ́n yí nínú eérú, oníbàárà lè máa rò ó pé bí ẹni náà ṣe ń tọ́jú ọkọ̀ ló ṣe ń tọ́jú ọjà.

Owó ńlá sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Fún ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré, ọkọ̀ wà lára àwọn ohun ìní tó wọ́n jù lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iye náírà, nǹkan bíi 470 náírà ni dọ́là kan. Kí ọdún 2024 tó parí, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Dọ́là ni wọ́n fi ń kó ọkọ̀ Tòkunbọ̀ wọlé, nítorí náà, ẹni tó bá ní ọkọ̀ lọ́wọ́ ní láti mú un pẹ́. Ọjọ́ tó bá sì fẹ́ tà á, ojú ọ̀dà ni ẹni tó fẹ́ rà á máa kọ́kọ́ wò. Bó bá rí i pé wọ́n ti tún ọkọ̀ náà fín, yóò béèrè bóyá ó ti ní ìjàǹbá rí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó kù.

Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ń mú ọ̀dà pẹ́ ló ṣe é ṣe nílé, láì lo ẹ̀rọ kankan. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹ mọ ohun tó wà lójú ọkọ̀ yín, àti ohun tó ń bà á jẹ́.

Ọ̀dà kò nípọn tó bí ẹ ṣe rò

Ọ̀dà ọkọ̀ ìgbàlódé kì í ṣe ìpele kan ṣoṣo. Lórí irin ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń fín práímà, tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fín ọ̀dà aláwọ̀, ìyẹn pupa tàbí dúdú tàbí funfun tí ojú ń rí. Òkè pátápátá ni wọ́n ń fi èyí tí kò láwọ̀ sí, tí àwọn tó ń fín ọkọ̀ ń pè ní kílíà. Kílíà yìí ló ń dán, òun náà ló sì ń gba ìyà oòrùn fún àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Gbogbo ìpele wọ̀nyí lápapọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju bébà ìtẹ̀wé kan lọ. Kílíà nìkan kì í sábà ju ìdajì bébà bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ohun líle ha ojú ọkọ̀ lójoojúmọ́. Bí kílíà bá ti tán níbì kan, kò sí pólíṣì tó lè dá a padà, àfi kí wọ́n tún ibẹ̀ fín.

Àwọn ọ̀tá ojú ọkọ̀

Oòrùn ni àkọ́kọ́. Òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń lù jù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣá. Èkejì ni ìgbẹ́ ẹyẹ. Ásíìdì wà nínú rẹ̀, bí oòrùn bá sì ràn sí i lára ọkọ̀, ó lè jẹ wọ inú kílíà, kó fi àpá sílẹ̀. Oje igi náà kò gbẹ́yìn: ẹni tó ń páàkì sábẹ́ máńgòrò nítorí òjìji, ó ní láti máa wo ojú ọkọ̀ rẹ̀ kó tó di alẹ́.

Ẹ̀kẹta ni eruku. Ọyẹ́ máa ń fẹ́ eruku wá láti aginjù Sàhárà láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, yanrìn wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Dírẹ́bà tó bá mú àkísà gbígbẹ láàárọ̀, tó fi nu eruku yìí, yanrìn ló ń fi ha ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn ìlà róbótó tí ẹ máa ń rí bí oòrùn bá ràn sí ọkọ̀ dúdú, irú nínù bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ẹ kò ní rí i lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kan, ọkọ̀ náà kò ní dán mọ́.

Fún àwọn tó ń ṣòwò létí òkun, bíi Lẹ́kí, Àpápá àti Àgbádárìgì, atẹ́gùn oníyọ̀ tún wà níbẹ̀. Kò ní ṣe ọ̀dà tó pé ní ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀dà bá ti ṣí, irin yóò tètè dógùn-ún. Òróró búréèkì náà burú, ó máa ń bó ọ̀dà. Bó bá ta sí ojú ọkọ̀, ẹ da omi púpọ̀ sí i lójú ẹsẹ̀.

Fífọ̀ ló ṣáájú dídán

Ọ̀pọ̀ ìbàjẹ́ ló ti ń wá láti ibi fífọ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ onílẹ́búlẹ́bú máa ń ṣí ìda tó ń dáàbò bo ọ̀dà kúrò. Ọṣẹ olómi tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ló dára jù. Kẹrosíìnì tàbí dísẹ́ẹ̀lì tí àwọn kan fi ń nu ọkọ̀ kó lè dán, ẹ̀tàn ni: epo tó wà lójú rẹ̀ ló ń dán fún wákàtí díẹ̀, eruku yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Korobá méjì ni kí ẹ lò, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún omi lásán. Ẹ kọ́kọ́ da omi sí ọkọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí yanrìn lè ṣàn lọ. Ẹ ti fóòmù bọ omi ọṣẹ, ẹ fọ apá kan, ẹ fọ fóòmù náà nínú omi lásán kí yanrìn lè kúrò, kí ẹ tó tún tì í bọ ọṣẹ. Òrùlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ parí sí, torí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ pọ̀ sí. Fóòmù táyà gbọ́dọ̀ dá yàtọ̀. Abẹ́ òjìji ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì fi tówẹ́ẹ̀lì máíkírófáíbà nù ún gbẹ, nítorí omi kànga ẹ̀rọ tó bá gbẹ lójú ọkọ̀ máa ń fi àmì tótòtó sílẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá ti gbẹ, ẹ fi ọ̀rá fẹ́lẹ́ wé ọwọ́ yín, kí ẹ fi rọra pa á. Bó bá ń ṣe ṣákaṣàka bíi sandpaper, ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ kílíà. Amọ̀ rírọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ta èròjà ọkọ̀ ń tà fún èyí. Omi ọṣẹ ni ẹ óò kọ́kọ́ wọ́n síbẹ̀, kí ẹ tó rọra fi amọ̀ náà yọ̀ lórí rẹ̀. Bí amọ̀ náà bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ má lò ó mọ́, yanrìn ti wọ inú rẹ̀.

Pólíṣì kì í ṣe ìda

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná owó wọn nù. Pólíṣì máa ń ha díẹ̀ lára kílíà kí àpá kéékèèké lè tán. Ìda kì í ha nǹkan kan, ńṣe ló ń bo ojú ọ̀dà. Pólíṣì ń tún ojú ṣe, ìda ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá ń fi pólíṣì pa ọkọ̀ lóṣooṣù, kílíà ló ń pa run. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ìda ni kí ẹ máa tún fi kún un.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ irú ọ̀dà tí ẹ ní. Ẹ fi pólíṣì díẹ̀ pa ibi tó fara sin pẹ̀lú aṣọ funfun. Bí àwọ̀ ọkọ̀ bá hàn lára aṣọ náà, ọ̀dà náà kò ní kílíà, bó ṣe máa ń rí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akérò tí wọ́n ti tún fín. Ẹ rọra ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èékánná wo àpá náà pẹ̀lú. Bí èékánná bá kọ́ síbẹ̀, àpá náà ti jinlẹ̀ ju ohun tí pólíṣì lè parí lọ. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn kan fi ń pa àpá kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún ojú ọkọ̀, ẹ yẹra fún un.

Bí ojú bá tutù, tí ọkọ̀ sì wà lábẹ́ òjìji, ẹ fi téèpù bo rọ́bà àti pílásítíìkì dúdú. Ẹ fi pólíṣì tó rọlẹ̀ jù lọ bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀nba bíi hóró àgbàdo mélòó kan ti tó lórí fóòmù. Ẹ mú ibi kékeré tí kò ju ìwé ìròyìn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lọ, ẹ pa á yípo pẹ̀lú agbára díẹ̀ títí pólíṣì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́, kí ẹ wá fi aṣọ mímọ́ nù ún. Ẹ má tẹra mọ́ etí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti etí ilẹ̀kùn, torí ọ̀dà fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá lẹ orúkọ iléeṣẹ́ yín mọ́ ara ọkọ̀, ẹ má fi pólíṣì kàn án, kí etí rẹ̀ má baà ṣí.

Àwọn tó bá fẹ́ lo ẹ̀rọ, kí wọ́n yan èyí tó ń yí tó sì ń gbọ̀n pa pọ̀. Èyí tó ń yí lójú kan ṣoṣo máa ń mú ojú ọ̀dà gbóná, ó sì lè jó kílíà kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò.

Ìda wo ni kí ẹ rà?

Ìda tó lórúkọ jù nínú iṣẹ́ yìí ni carnauba. Ara ewé ọ̀pẹ kan tó ń hù ní àríwá ìlà oòrùn ilẹ̀ Bràsíìlì, ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Ceará àti Piauí, ni wọ́n ti ń rí i. Igi náà ń fi ìda yìí bo ewé rẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Lójú ọkọ̀, kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá lọ. Èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tó oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Èyí tó ń pẹ́ jù ni ceramic, tó máa ń lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ojú ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ ti mọ́ dáadáa kí wọ́n tó fi í, nítorí àpá tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ ni. Kò sì ní kí òkúta má bó ọ̀dà. Ẹni tó bá ní òun yóò fi ceramic pa ọkọ̀ yín tí kò ní gba àpá mọ́ láéláé, ẹ di owó yín mú.

Èyí tó wù kí ẹ rà, ẹ fi í fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe ààbò, iṣẹ́ nínù ló ń fi kún un. Láti mọ̀ bóyá ìda ṣì wà, ẹ wọ́n omi sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí omi bá kó ara rẹ̀ jọ róbótó, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, àkókò tó láti tún un fi.

Ibi tí iṣẹ́ ilé mọ

Bí ọ̀dà bá ti wú bíi roro, ìpẹtà ti wà lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀bítà àti pẹ́ńtà nìyẹn. Kékeré la sì ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí òkúta bá bó ibì kékeré, ẹ ra ìgò ọ̀dà kékeré tó bá àwọ̀ ọkọ̀ yín mu, kí ẹ tètè bo ibẹ̀. Nọ́ńbà àwọ̀ wà lára ọkọ̀: nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ó máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ C/TR sí. Bí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fín ọkọ̀ yín, ẹ má tètè fi ìda bò ó. Láti ọgbọ̀n ọjọ́ sí àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọ̀dà máa ń ní kí wọ́n dúró kí ọ̀dà lè gbẹ dénú.

Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí sínú ètò iṣẹ́ rẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì: fífọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìda lóṣù méjì méjì, pólíṣì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí ọyẹ́ tó dé. Kó kọ iye tó ra pólíṣì, ìda àti aṣọ sílẹ̀, kó pín in sí iye ìgbà tó lò wọ́n, nítorí agolo ìda kan máa ń tó ọkọ̀ kékeré lò ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn náà, kó lọ béèrè lọ́wọ́ pẹ́ńtà àdúgbò rẹ̀ iye tó ń gbà láti tún odidi ọkọ̀ fín. Bó bá fi owó méjèèjì wé ara wọn, yóò mọ èyí tó yẹ kó ná.