Ayùn, Dígà àti Ìbaaka: Àwọn Tó Ń Tún Ọ̀nà Aginjù Amẹ́ríkà Ṣe

Bí yìnyín bá ti yọ́ lórí àwọn òkè Sierra Nevada ní ìpínlẹ̀ California, iṣẹ́ ti dé nìyẹn. Igi tí ìjì wó nígbà òtútù á ti dábùú ọ̀nà, àgbàrá á ti gbẹ́ ojú ọ̀nà di kòtò, òkúta á ti yí láti orí òkè wá jókòó síbi tí kò yẹ kó jókòó sí. Ní Yosemite, ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lágbègbè náà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 1,200 kìlómítà, mọ́tò kò sì lè dé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tó ń gba ibẹ̀ kọjá nínú oṣù Keje ń wo òkè, wọ́n ń ya fọ́tò. Kì í sábà wá sí wọn lọ́kàn pé ẹnì kan ló fọwọ́ to àtẹ̀gùn òkúta tí wọ́n ń tẹ̀ gòkè.

Ikọ̀ ọ̀nà ló tò ó: ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin bíi mẹ́wàá sí ogún, pẹ̀lú ọ̀gá kan tàbí méjì tí iṣẹ́ náà ti mọ́ lára, tí wọ́n ń wọ igbó lọ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń wọlé, tí wọ́n sì ń sun inú àgọ́ fún oṣù mélòó kan. Lójú òfin, aginjù ni ilẹ̀ tí ọmọ ènìyàn kò fi ọwọ́ tún ṣe. Lójú àwọn ọmọ ikọ̀ yìí, kò sí ọdún kan tí ilẹ̀ náà kì í béèrè ọwọ́.

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1964 ni Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu Òfin Aginjù. Howard Zahniser, tó kọ àbá òfin náà, tó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn aṣòfin fà á, kò fojú rí ọjọ́ náà, nítorí oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ló jáde láyé. Nǹkan bí mílíọ̀nù 9.1 éékà ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Lónìí ó ti lé ní mílíọ̀nù 111. Ohun tí òfin náà kà léèwọ̀ pọ̀: ọ̀nà mọ́tò, ilé, ọkọ̀, ẹ̀rọ tó ń lo epo, títí kan kẹ̀kẹ́ tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ wà. Ní 1984, òfin mìíràn kó nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Yosemite sábẹ́ ìdáàbòbò kan náà. Àwọn aláṣẹ lè fàyè gba ẹ̀rọ bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì fi ẹ̀rí gbè é, pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ aginjù tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ igbó ìjọba, ẹnu ibodè ni ayùn onímọ́tò ń parí sí.

Ayùn ẹlẹ́ni-méjì ló kù. Ẹni tó bá rántí àwọn onígẹdú ayé àtijọ́ tí wọ́n ń la pákó lórí kòtò mọ irú rẹ̀: irin gbọọrọ tó lè gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ, tó ní ìmú igi ní ìkángun méjèèjì. Ọmọ iṣẹ́ tuntun a máa tì í. Ọ̀gá á ní kó yé tì í, kó fa tirẹ̀, kó sì jẹ́ kí ẹnìkejì fa tirẹ̀, nítorí ayùn tí wọ́n bá tì á tẹ̀, á sì há. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ayùn lé igi, wọ́n á kọ́kọ́ yí igi náà ká. Ibo ló ti fara lélẹ̀? Apá wo ló fún pọ̀, apá wo ló fà le? Apá tó fún pọ̀ á di ayùn mú. Apá tó fà le á ya lójijì, á sì ta lu ẹni tó bá dúró níbi tí kò yẹ. Bí ojú ibi tí wọ́n ń gé bá fẹ́ pa dé, wọ́n á fi òòlù gbá èèkàn pẹlẹbẹ sí i lẹ́yìn ayùn kó lè máa là. Bí ayùn bá mú, èérún igi gbọọrọ-gbọọrọ ni yóò máa fà jáde. Bó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú ló ń dà sílẹ̀, ayùn ti kú nìyẹn.

Pípọ́n rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo ayé. Ìwé ìtọ́ni tí Warren Miller kọ lórí rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ igbó ìjọba, tó jáde ní 1977, ṣì wà lára ohun tí wọ́n ń gbé lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́.

Irinṣẹ́ mìíràn tí ikọ̀ kì í fi sílẹ̀ ni pulaski. Àáké ni apá kan orí rẹ̀, ọkọ́ ni apá kejì. Orúkọ Ed Pulaski ló ń jẹ́, aṣọ́gbó kan ní Idaho. Nígbà iná ńlá oṣù Kẹjọ ọdún 1910, tó jó nǹkan bí mílíọ̀nù 3 éékà, tó sì pa ènìyàn tó lé ní 80, Pulaski kó àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ wọ inú ihò kùsà kan, ó sì yọ ìbọn sí ẹni tó bá fẹ́ sá jáde. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló yè é. Òun náà ni wọ́n gbà pé ó jẹ́ kí irinṣẹ́ yìí gbilẹ̀.

Igi wíwó ni àlejò ń rí, ṣùgbọ́n omi gan-an ni ọ̀tá. Gọ́tà ni ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ òkè jẹ́ lójú omi: tó bá ti wọ̀ ọ́, kò ní jáde mọ́, á máa gbẹ́ ẹ lọ títí gbòǹgbò igi á fi yọ síta. Ikọ̀ á wá to òkúta tàbí ìtì igi dábùú ọ̀nà. Wọ́n á dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí omi tó bá kọlù ú lè yà bọ́ sí ìsàlẹ̀ òkè. Bí wọ́n bá tò ó ní ìdábùú gan-an, omi á dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹrẹ̀ á kún un, bó bá sì di ọdún kejì, àgbàrá á fò ó kọjá. Èyí tí wọ́n tò dáadáa pàápàá, ọdọọdún ni wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí wọ́n bá pa á tì, ilẹ̀ tó yí ọ̀nà ká ló ń jìyà. Arìnrìn-àjò tó bá bá ẹrẹ̀ lọ́nà á yà sórí koríko, ẹni tó tẹ̀lé e á yà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní pẹ́ tí ọ̀nà kan á fi di mẹ́ta lórí pápá tí òfin ní kí wọ́n dáàbò bò.

Níbi tí òkè bá ti ga jù, àtẹ̀gùn ni wọ́n ń tò. Èyí tó lọ sí orí ọ̀sọ̀rọ̀ omi Vernal ní Yosemite lé ní 600, òkúta akọ sì ni. Òkúta kan lè wúwo ju ènìyàn mẹ́ta lọ. Níwọ̀n bí kò ti sí kátàpílà, ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin á ti ọ̀pá irin bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa yí i díẹ̀díẹ̀, ọ̀gá á máa kígbe pé kí kálukú ṣọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ ihò tó bá ìdí òkúta náà mu, wọ́n á gbé e kalẹ̀, ẹnì kan á sì gun orí rẹ̀, á máa fẹsẹ̀ tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá mì pẹ́nrẹ́n, wọ́n á tún yọ ọ́. Wọn kì í lo sìmẹ́ńtì. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi òòlù fọ́ ni wọ́n ń ki mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìpele kan ṣoṣo lè jẹ ọjọ́ kan gbáko.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ ju òfin lọ. Àwọn ẹ̀yà Miwok àti Paiute ti ń gba orí àwọn òkè yìí ṣòwò kí òyìnbó tó dé. Ní 1851 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Mariposa wọ àfonífojì Yosemite láti lé àwọn onílẹ̀ jáde. Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, John Conway la ọ̀nà Four Mile lọ sí Glacier Point, owó sì ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà wà lára àwọn tó la ọ̀nà Wawona àti ọ̀nà Tioga láàárín 1874 sí 1883.

Àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú náà kó ipa tiwọn. Kí ìjọba tó dá ilé iṣẹ́ ọgbà orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1916, ológun ló ń ṣọ́ àwọn ọgbà wọ̀nyí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn 1903, Charles Young, ọ̀gá ológun tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Kentucky, ló ṣe alákòóso ọgbà Sequoia. Ẹ̀ẹ̀rùn kan yẹn ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ parí ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè gbà dé Giant Forest, ohun tí ọwọ́ àwọn tó ṣáájú wọn kò tẹ̀.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ náà di ti ogunlọ́gọ̀. Ààrẹ Franklin Roosevelt dá Civilian Conservation Corps sílẹ̀ ní 1933, nǹkan bí mílíọ̀nù 3 ọ̀dọ́kùnrin sì gba ibẹ̀ kọjá kó tó kógbá sílé ní 1942. Dọ́là 30 ni owó oṣù wọn, 25 nínú rẹ̀ sì ń lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn ará ilé wọn. Òfin tó dá a sílẹ̀ ní wọn kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Síbẹ̀ ní 1935, ọ̀gá àgbà rẹ̀, Robert Fechner, pàṣẹ pé kí wọ́n ya ibùdó àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀.

Ọmọbìnrin kan ló tún gbé èrò náà dìde, pé kí àwọn ọ̀dọ́ máa ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ìjọba. Elizabeth Cushman, akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Vassar, kọ ọ́ sínú iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀ ní 1955, nígbà tó sì fi máa di 1957, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ti wọ ọgbà Olympic àti Grand Teton. Ní California, Gómìnà Jerry Brown dá California Conservation Corps sílẹ̀ ní 1976, ẹ̀ka rẹ̀ tó ń lọ sínú igbó jíjìn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1979. B.T. Collins, ọ̀gá àgbà rẹ̀ nígbà kan, ẹni tí ogun Vietnam gba apá kan àti ẹsẹ̀ kan lára rẹ̀, ló fún un ní àkọmọ̀nà tó ń jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa wá: iṣẹ́ àṣekára, owó táṣẹ́rẹ́, ìyà lóríṣiríṣi, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyà náà kì í ṣe àwàdà. Ìdí iná ni ilẹ̀ ń mọ́ bá alásè. Lẹ́yìn oúnjẹ, ikọ̀ á gbé irinṣẹ́ kọ́ èjìká, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, nígbà mìíràn fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìbaaka ló ń kó oúnjẹ wọn wá. Márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń so kọ́ra, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ru bíi 70 kìlò, ẹrù ọ̀tún àti ti òsì sì gbọ́dọ̀ dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gàárì á yí. Lẹ́tà láti ilé ń bá ẹrù yìí wọlé, torí nẹ́tíwọ̀kì kò dé ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ń ta sánsán, títí kan ọṣẹ àti ìpara ìfọyín, inú àpótí irin ni wọ́n ń tì í mọ́ lálẹ́ nítorí béárì. Ṣáláńgá tí wọ́n bá gbẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ dí i kí wọ́n tó ṣí kúrò níbẹ̀.

Owó ni wàhálà tó kù. Òṣìṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ìjọba àpapọ̀ bá gbà kì í sábà kọjá wákàtí 1,039 lọ́dún. Bí òtútù bá dé, kó lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2020 ya owó tó lè tó bílíọ̀nù dọ́là 1.9 sọ́tọ̀ lọ́dún fún ọdún márùn-ún, láti fi ṣe àtúnṣe tó ti pẹ́ nílẹ̀ ní àwọn ọgbà àti igbó ìjọba. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ìjọba tún yíjú padà, ó dá nǹkan bí 1,000 òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọgbà orílẹ̀-èdè dúró. Ilé iṣẹ́ igbó pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ náà sì dé kóòtù.

Àwọn ẹgbẹ́ afínnúfíndọ̀ ń gbìyànjú láti dí àlàfo náà. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin Back Country Horsemen, tó bẹ̀rẹ̀ ní Montana ní 1973, ń kó ẹrù wọ igbó lọ́fẹ̀ẹ́, nǹkan bí ẹgbẹ́ 30 ló sì pín ọ̀nà Appalachian tó gùn tó nǹkan bí 3,500 kìlómítà láàárín ara wọn láti máa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ètò tí ilé iṣẹ́ igbó ìjọba gbé kalẹ̀ ní 2016, ẹnikẹ́ni tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi ayùn gé igi nínú igbó rẹ̀, ì báà ṣe òṣìṣẹ́, ì báà ṣe afínnúfíndọ̀, àfi bó bá ní ìwé ẹ̀rí. Akọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níṣojú àgbà tó ti ní tirẹ̀. Bí wọn kò bá gba àgbà bẹ́ẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ́ mẹ́wàá tó bá dé ní oṣù Kẹrin lè kó ẹrẹ̀, wọ́n sì lè yí òkúta, ṣùgbọ́n wọn kò ní lè gbé ayùn lé igi tó dábùú ọ̀nà.