Ìlú Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Gbé

Ó ṣòro lónìí láti rí agbo ilé kan ní Erìjìyàn-Èkìtì tí kò ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kan ní òkè òkun. Nígbà tí àwa òbí bá pàdé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ohun tí a máa ń bi ara wa léèrè kò pọ̀: ṣé ara ọmọ le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ìgbà wo ni yóò wá sílé? Bí ọ̀rọ̀ ìṣèlú Amẹ́ríkà bá sì jẹ yọ, ààrẹ wọn nìkan ni gbogbo wa mọ̀. Èmi náà kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ títí di ìgbà tí mo lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi ní ìlú kan tí kò tóbi, tí kò sì kéré, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi pé láti àárọ̀ títí di alẹ́, ohun tí ààrẹ ṣe kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọmọ mi. Àwọn tí ìpinnu wọn ń kàn án lójoojúmọ́ ni àwọn tí a kò gbọ́ orúkọ wọn rí nílé níbí.

Nítorí náà, nígbà tí olóòtú ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ nǹkan fún àjọ̀dún ilé-ìwé wa, mo rò pé yóò ṣàǹfààní bí mo bá ṣàlàyé bí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe ń darí ara rẹ̀, àti ibi tí àwọn ọmọ wa dúró sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ní àkókò òtútù, bí yìnyín bá bọ́ lóru, onílé ni yóò kó o kúrò ní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó kọjá níwájú ilé rẹ̀. Bí koríko bá ga ju bí òfin ìlú ṣe fẹ́ lọ ní ìgbà ooru, ìwé ìkìlọ̀ yóò dé, bí a kò bá sì gé e, owó ìtanràn yóò tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kan pàtó ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá gbàgbé láti gbé agbada ìdọ̀tí rẹ̀ síta yóò bá a gbé di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àwa tí a dàgbà ní Èkìtì mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa a máa sáré bo ìkòkò omi bí wọ́n bá ti gbọ́ pé wolé-wolé ti wọ̀lú. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé lọ́hùn-ún, àwọn ará ìlú fúnra wọn ni wọ́n dìbò yan àwọn tí ó ṣe òfin tí wolé-wolé ń tẹ̀ lé, wọ́n sì lè lọ sí iwájú wọn ní ìrọ̀lẹ́ láti sọ pé òfin náà kò dára.

Ta ni àwọn wọ̀nyí? Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio kan náà, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ìtàn rẹ̀ la ojú ẹni. Ìlú náà ni àwọn arákùnrin Wright, tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fò lójú ọ̀run, ti ń ṣe iṣẹ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2020, àwọn ará ìlú náà jẹ́ 137,644. Ní ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1913, òjò bẹ̀rẹ̀ tí kò dá. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì sí ìkẹta, odò ti ya bo àárín ìlú. Ènìyàn tí ó lé ní 300 ni ó kú ní àfonífojì odò náà, àwọn ẹlòmíràn sì wà lórí àjà ilé wọn fún ọjọ́ mélòó kan láìsí oúnjẹ. Ẹni tí ó bá rántí omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, yóò lè fojú inú wò ó.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni ó yẹ kí a kíyè sí. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ará ìlú dá owó tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là, ní ìgbà tí dọ́là kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré, kí omi má bàa tún ya wọ ilé wọn mọ́. Láti inú ètò yẹn ni wọ́n ti mọ ìdídò márùn-ún tí wọ́n parí ní ọdún 1922, tí ó sì ń dáàbò bo ìlú náà títí di òní. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n yí ìjọba ìlú padà. Wọ́n ti rí i pé ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ ìṣèlú lè má mọ bí a ti ń tọ́jú omi ẹ̀rọ, títì àti gọ́tà. Láti oṣù Kìíní ọdún 1914, ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ní ń ṣe òfin tí ó sì ń pín owó, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà gba alábòójútó kan síṣẹ́, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà, láti máa darí àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n lè lé e bí kò bá ṣe dáadáa. Ìlú Staunton ní Virginia ti ní irú alábòójútó bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1908, ṣùgbọ́n Dayton ni ìlú tí ó tóbi díẹ̀ tí ó kọ́kọ́ gbé gbogbo ètò náà wọ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e. Lónìí, ènìyàn márùn-ún péré ni ìgbìmọ̀ Dayton, mẹ́yọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Mẹ́yọ̀ kì í ṣe ọba, kò sì dà bí alága ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. Ìbò kan ṣoṣo ni ó ní nínú márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ní ọ̀dọ̀ wa, owó ìjọba ìbílẹ̀ ń wá láti Àbújá, nítorí náà ó dàbí ẹni pé owó ẹnikẹ́ni kọ́. Ní Dayton, owó-orí lórí owó iṣẹ́ ni òpó tí ìjọba ìlú fẹ̀yìn tì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, wọ́n bi ará ìlú léèrè nínú ìwé ìdìbò bóyá wọn yóò gbà kí owó náà kúrò ní dọ́là méjì àti sẹ́ǹtì 25 lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là, kí ó di dọ́là méjì àbọ̀, kí wọ́n lè fi apá kan nínú rẹ̀ rán àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin lọ sí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n gbà. Ẹ fojú inú wo ènìyàn tí ó wọ inú àpótí ìdìbò láti sọ pé kí wọ́n gba owó sí i lọ́wọ́ òun! Ṣùgbọ́n bí a bá rò ó dáadáa, àwọn bàbá wa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama ní ilẹ̀ Èkìtì ni ó jẹ́ pé owó kòkó àti owó ìjọ ni a fi mọ ọ́n, tí olúkúlùkù ń san iye tí a bù fún un, tí àwọn obìnrin ń pọn omi tí a fi po ilẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹni tí ó bá dá owó máa ń bèèrè bí a ti ná an.

Ilé-ìwé lọ́hùn-ún kò sí lábẹ́ mẹ́yọ̀. Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé dá dúró, ará ìlú sì ní ń dìbò yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà. Owó-orí ilé àti ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbára lé. Ní ọdún 1997, nínú ẹjọ́ tí a mọ̀ sí DeRolph, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ìpínlẹ̀ Ohio sọ pé ẹrù tí wọ́n dì lé owó-orí náà pọ̀ ju ohun tí ìwé òfin ìpínlẹ̀ fẹ́ lọ, nítorí pé ilé-ìwé àdúgbò tálákà yóò máa jẹ́ ti tálákà. Ìjà náà kò tíì tán.

Ọmọ mi kò mọ ọ̀kan nínú èyí. Ó ti gbé ìlú náà fún ọdún mẹ́sàn-án, ó ń san owó-orí rẹ̀ pé, ó sì ń sùn ní ọ̀sán nítorí pé iṣẹ́ òru ni ó ń ṣe ní ilé ìwòsàn. Wọ́n fi ìwé sínú àpò ọmọ rẹ̀ láti ilé-ìwé pé ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí títi ilé-ìwé àdúgbò wọn pa, kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ òmíràn. Ó fi ìwé náà há ara fìríìjì, ó sì gbàgbé rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi kà á, wọ́n ti dìbò lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún méje tí ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé wá di ẹni tí ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òkùnkùn ìdájí. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò lọ síbẹ̀ rí, ó dáhùn pé, “Dádì, ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe ọmọ ibí.”

Ìdáhùn yẹn bà mí nínú jẹ́, nítorí mo mọ̀ pé àwa ni a kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. A sọ fún wọn pé kí wọ́n rántí ọmọ ẹni tí wọ́n ń ṣe, a kò sì sọ fún wọn ohun tí wòlíì Jeremáyà kọ sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì, ní orí 29 ìwé rẹ̀, pé kí wọ́n wá àlàáfíà ìlú tí a kó wọn lọ, nítorí nínú àlàáfíà rẹ̀ ni tiwọn wà.

Mo tẹ̀ lé e lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú tí ó tẹ̀ lé e. Yàrá náà kò tóbi ju gbọ̀ngàn ìjọ kékeré kan lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò kọ orúkọ sílẹ̀, yóò sì ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá pé, agogo yóò dún. Ìyá arúgbó kan sọ̀rọ̀ lórí iná ojú pópó tí ó ti kú ní àdúgbò rẹ̀. Ó ti pé kí agogo tó dún. Àwa tí a ti mọ́ wàásù fún wákàtí kan gbáko ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ níbẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó bi ọmọ mi bóyá ọmọ ibí ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ṣe ìkìlọ̀ kan níhìn-ín, kí ẹ̀yin òbí sì bá mi sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹni tí ó ní gíríìn káàdì lè lọ sí ìpàdé, ó lè sọ̀rọ̀, ó lè wà nínú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Kò lè dìbò. Ìdìbò ìjọba àpapọ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá fún un lábẹ́ òfin ọdún 1996, wọ́n sì lè lé e kúrò nílùú nítorí rẹ̀, àní bí ó bá ṣe é ní àìmọ̀. Ìlú díẹ̀, irú Takoma Park ní Maryland, gba àlejò láyè nínú ìdìbò ti ìlú wọn nìkan. Ní Ohio, àtúnṣe tí wọ́n dìbò fún ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ti ilẹ̀kùn yẹn pátápátá. Ibi tí ewu náà wà ni ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, nítorí pé ibẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ ti lè béèrè pé, ṣé ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò? Ọmọ wa tí a ti kọ́ láti máa dá àgbà lóhùn pẹ̀lú “bẹ́ẹ̀ ni” lè fi bẹ́ẹ̀ ni kan ba iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá jẹ́. Kí wọ́n dáhùn pé rárá, títí di ọjọ́ tí wọn yóò búra gẹ́gẹ́ bí ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn gíríìn káàdì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lè béèrè fún un, tàbí ọdún mẹ́ta fún ẹni tí ó fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn ìbúra náà, ọ̀nà ṣí ju bí a ti rò lọ. Wilmot Collins sá ogun kúrò ní Làìbéríà. Ní ọdún 2017 ni ará ìlú Helena, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Montana, dìbò yàn án ní mẹ́yọ̀. Esther Agbaje, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ àlùfáà ìjọ Episcopal, wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Minnesota lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2020. Ẹ dárí jì mí bí mo bá fi ti ọmọ àlùfáà yangàn díẹ̀.

Nílé ńkọ́? Ìwé òfin ọdún 1999 dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 774. 16 nínú wọn wà ní Èkìtì, tiwa sì jókòó sí Àrámọkọ. Ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìsìnkú, ilé ẹran, kíkó ìdọ̀tí, sísọ òpópónà lórúkọ, àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú: gbogbo rẹ̀ ni ìwé òfin náà gbé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ilẹ̀ wa dájọ́ pé gómìnà kò ní ẹ̀tọ́ láti di owó wọn mú, àti pé àwọn tí a dìbò yàn ni ó gbọ́dọ̀ máa darí wọn. A yọ̀ sí ìdájọ́ náà lórí rédíò. N kò tíì rí ẹni tí ó lọ sí Àrámọkọ láti bèèrè iye tí ó wọlé lóṣù tí ó kọjá, kò sì sí agogo ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ń dúró dè mí níbẹ̀.

Ọmọ mi ti búra báyìí. Ìdìbò ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ni ó kọ́kọ́ dì, ní oṣù Kọkànlá ọdún tí kò sí ìdìbò ààrẹ rárá, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jókòó sílé. Ó pè mí ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ń ka orúkọ àwọn tí ó díje fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tí olúkúlùkù sọ nípa bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé, “Dádì, ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín?” Mo ní kí ó dúró díẹ̀, kí n bi ìyá rẹ̀.